Òórùn Akpu: Bí Ayé Ṣe Mọ Iṣẹ́ Àwọn Kòkòrò Tí Kì í Fẹ́ Afẹ́fẹ́

Ẹni tí ó bá wọ ọjà Ogbete ní ìlú Enugu, tí ó sì rìn dé apá ibi tí a ti ń ta akpu, imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jíṣẹ́ fún un kí ojú rẹ̀ tó rí ohunkóhun. Akpu yìí ni àwọn Yorùbá ń pè ní fùfú: pákí tí a bó, tí a rẹ sómi títí ó fi rọ̀, tí a jọ̀, tí a sì fún omi inú rẹ̀ dànù. Àwọn àjèjì a máa fi òórùn náà ṣe yẹ̀yẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò mọ adùn ọbẹ̀ ti ń yọ ṣùtì sí irú. Ṣùgbọ́n òórùn yìí kì í ṣe òórùn ìdọ̀tí. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni, inú ìkòkò kan náà tí wọ́n ti ń ṣe é sì ni oró burúkú kan ti ń kúrò nínú pákí. Ó gba àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí wọ́n tó lè sọ ní pàtó ẹni tí ó ni òórùn náà àti ohun tí ó fi ń ṣe é.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ náà, ó yẹ kí a mọ bí pákí ṣe di oúnjẹ Enugu. Àwọn Potogí ni wọ́n gbé pákí láti ilẹ̀ Brazil wá sí etí òkun Áfíríkà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Kò tètè tàn kálẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn Àgùdà tí wọ́n padà dé láti Brazil ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún wà lára àwọn tí ó mú kí gàrí gbajúmọ̀. Ní ilẹ̀ Igbo, iṣu ni ọba oúnjẹ. Oúnjẹ ẹni tí kò rí iṣu jẹ ni wọ́n ka pákí sí. Onímọ̀ ìtàn Don Ohadike ṣe àlàyé ní ọdún 1981 pé àjàkálẹ̀ àrùn influenza ti 1918 sí 1919 ni ó yí ọ̀rọ̀ padà ní agbègbè ìsàlẹ̀ odò Niger. Àwọn ènìyàn kú, àwọn tí ó ṣẹ́ kù kò ní agbára iṣẹ́ iṣu, ebi sì dé. Pákí, tí kì í béèrè iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, wá gba ipò. Sáà kan náà ni Enugu ń di ìlú. Ní ọdún 1909 ni ikọ̀ Albert Kitson, tí wọ́n ń wá fàdákà, rí èédú nínú òkè tí ó wà níbẹ̀. Ní 1915 ni ìwakùsà bẹ̀rẹ̀. Ní 1916 ni ojú irin so ó pọ̀ mọ́ Port Harcourt. Èédú yìí ni ọkọ̀ ojú irin tí ń gba Ìbàdàn àti Òṣogbo kọjá jó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlú òṣìṣẹ́ kì í sì dáko tí yóò tó o jẹ. Oúnjẹ tí a lè rù wá láti ìgbèríko, tí owó rẹ̀ kò wọ́n, tí ó sì ń pẹ́ nínú ikùn ni ó ń rà, akpu sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ti ń ṣe é kò ṣòro láti sọ. Wọn a bó pákí, wọn a gé e, wọn a sì kó o sínú ìkòkò tàbí àgbá omi. Láìpẹ́ omi náà a máa hó, ìfófó a sì bo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, pákí tí ó le bí igi a rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àtàǹpàkò lè wọ inú rẹ̀. Omi náà a kan, òórùn a sì gba ilé kan. Ohun méjì ni kíkan àti òórùn, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: kíkan, ahọ́n ni ó ń mọ̀ ọ́n, bí ti omi ògì, òórùn, imú ni.

Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ bá ìdílé ẹni tí ó ni òórùn náà pàdé. Ní ọdún 1861, ó ń fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀kán omi kan tí ásíìdì butyric ń jáde nínú rẹ̀. Ásíìdì yìí náà ni ó ń mú kí bọ́tà tí ó ti bàjẹ́ máa rùn, ara bọ́tà ni ó sì ti gba orúkọ rẹ̀. Pasteur ṣàkíyèsí pé àwọn kòkòrò tí ó wà láàárín ẹ̀kán omi náà ń rìn kiri, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà ní etí rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti kàn wọ́n, ti dúró gbagidi. Ohun àjèjì gbáà ni èyí jẹ́ lójú ayé ìgbà náà. Ta ni ó gbọ́ ọ rí pé afẹ́fẹ́ ń pa ohun ẹlẹ́mìí? Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ìran kòkòrò kan wà tí ó ń gbé ibi tí ọ́síjìn kò sí: ìsàlẹ̀ ẹrẹ̀, inú ìfun ènìyàn àti ẹranko, inú egbò jíjìn, àti ìsàlẹ̀ ìkòkò akpu. Àwọn ìdílé Clostridium wà lára wọn. Ọmọ ìdílé náà kan ni ó ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, òmíràn ni ó ń sọ egbò ogun di ohun tí ń wú tí ó sì ń jẹra, nígbà tí àwọn mìíràn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi kan.

Mímọ̀ pé wọ́n wà kò tó láti dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Lábẹ́ awò, ọ̀pọ̀ wọn jọ ara wọn bí ìbejì. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tí wọ́n ń ṣe jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán: òmíràn a ṣe ásíìdì acetic, èyí tí ó wà nínú fínígà, òmíràn a ṣe propionic, òmíràn a ṣe butyric, òmíràn a sì ṣe àdàlù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Émile Duclaux, tí ó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Pasteur, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ láti wọ̀n wọ́n: kí a se omi náà, kí a gba ooru rẹ̀ ní ìpín ìpín bí ó ti ń di omi padà, kí a sì wọn ásíìdì inú ìpín kọ̀ọ̀kan. Bí ásíìdì bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, ọ̀nà yìí ń jẹ́. Bí wọ́n bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣirò rẹ̀ a di ohun tí ènìyàn kò lè fi gbogbo ara gbọ́kàn lé. Imú oníwàádìí ṣì ń ríṣẹ́ ṣe nígbà náà, bí imú alákpu.

Ọ̀nà àbáyọ wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Ní ìlú Warsaw, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà nígbà náà, onímọ̀ nípa ewéko kan tí ń jẹ́ Mikhail Tswett ń wá bí yóò ṣe ya oríṣiríṣi àwọ̀ tí ó wà nínú ewé sọ́tọ̀. Ó rọ omi ewé sínú ọ̀pá dígí tí ó kún fún ẹfun, ó sì rí i pé bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni àwọ̀ náà ń pín: aláwọ̀ ewé dúró ní ibi kan, aláwọ̀ ìyeyè dúró ní ibòmíràn. Ní ọdún 1906 ni ó fún ọ̀nà yìí ní orúkọ náà, chromatography, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ fífi àwọ̀ kọ̀wé. (Àwọ̀ náà sì ni Tswett túmọ̀ sí ní èdè Rọ́ṣíà, kò burú bí a bá fura pé ó dọ́gbọ́n kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú iṣẹ́ náà.) Ayé kò kọbi ara sí i púpọ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1919.

Ó di ọdún 1941 kí Archer Martin àti Richard Synge, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí irun àgùntàn ní Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gbé ọ̀nà kan tí ó bá a tan kalẹ̀ ní ìrísí tuntun. Wọ́n sọ ọ́ nínú ìwé wọn pé kò pọn dandan kí ohun tí yóò máa gbé àdàlù náà lọ jẹ́ omi. Ó lè jẹ́ gáàsì. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, kò sí ẹni tí ó gbé e yẹ̀wò. Martin fúnra rẹ̀ ni ó padà sí i, òun àti A. T. James, ní ilé ìwádìí ìṣègùn tí ó wà ní Mill Hill ní London. Ní ọdún 1952 ni iṣẹ́ wọn jáde, ọdún kan náà tí Martin àti Synge gba ẹ̀bùn Nobel fún ti àkọ́kọ́. Báyìí ni a ṣe bí gas chromatography. Kí ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi dán an wò? Àwọn ásíìdì inú ọ̀rá ni, láti orí èyí tí ó fúyẹ́ jù lọ, kọjá lórí acetic àti butyric, títí dé orí àwọn tí ó wúwo. Ẹni tí ó bá mọ ìkòkò akpu lè rẹ́rìn-ín níbẹ̀: nínú gbogbo ohun tí ó wà láyé, ẹbí òórùn akpu ni ẹ̀rọ ńlá yìí fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ kò kọjá òye. Kí a mú ọ̀pọ̀ èrò tí wọ́n fẹ́ gba inú ọjà gígùn kan kọjá. Gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ a kọjá wéré, ẹni tí ó ní ojúlùmọ̀ ní ìsọ̀ mẹ́wàá a máa dúró kí wọn, yóò sì pẹ́ kí ó tó jáde. Ọ̀pá gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ọjà náà. Iyẹ̀pẹ̀ àkànṣe tí a fi ohun olómi tí kì í tètè gbẹ bò nínú ọ̀pá náà ni àwọn ìsọ̀. Gáàsì nitrogen ni ó ń ti àwọn èrò lọ. A gbé gbogbo rẹ̀ sínú ooru kí àwọn ásíìdì lè fò. Acetic fúyẹ́, òun ni ó ń jáde ṣáájú. Propionic tẹ̀lé e. Butyric tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà àbájáde, ohun kan wà tí ń kà wọ́n. Nínú ẹ̀rọ James àti Martin, inú omi ni ásíìdì kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sí, tí a sì ń wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Ní ọdún 1958, ìròyìn jáde láti Australia àti South Africa nípa iná kékeré kan tí ń sun ohun tí ó bá jáde. Agbára mànàmáná tí ó ti ara iná náà wá ni ó ń ya òkè kéékèèké sórí bébà. Àkókò tí òkè kan yọ ni ó ń sọ orúkọ ásíìdì, títóbi òkè náà sì ni ó ń sọ iye rẹ̀. Enugu fúnra rẹ̀, orí òkè ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Igbo.

Ẹ̀rọ náà ní àbùkù kan tí imú náà ní: ohun tí kò bá lè fò nínú afẹ́fẹ́, kò lè mọ̀ ọ́n. Ásíìdì lactic, èyí tí ó mú omi ògì kan, kì í rùn, kò sì lè gba inú ọ̀pá náà kọjá dáadáa bí ó ti wà. Àfi kí a kọ́kọ́ fi methanol pa á dà.

Ní Blacksburg, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, ni W. E. C. Moore, Lillian Holdeman, Elizabeth Cato àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti sọ ọ̀nà yìí di ìlànà iṣẹ́ fún àwọn kòkòrò tí kì í fẹ́ ọ́síjìn. Ìwé ìléwọ́ wọn jáde ní ọdún 1972. A ó gbin kòkòrò náà sínú omi oúnjẹ tí ọ́síjìn kò sí nínú rẹ̀, a ó fi ásíìdì líle sí i, a ó fi ether yọ ohun tí ó ṣe jáde, a ó sì ta díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Kòkòrò kọ̀ọ̀kan ní bí òkè tirẹ̀ ti ń tò, gẹ́gẹ́ bí ilà ojú ṣe ń fi ọmọ ìlú kan hàn yàtọ̀ sí ọmọ ìlú mìíràn láyé àtijọ́. Fusobacterium tí ń gbé ẹnu ènìyàn, òkè butyric rẹ̀ a ga fíofío. Bacteroides fragilis tí ń gbé inú ìfun a fi acetic àti succinic hàn. Ní ọdún 1976, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e síwájú sí i: wọ́n mú ọyún láti ara aláìsàn, wọ́n sì fi í sínú ẹ̀rọ láìdúró de kí kòkòrò hù. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí a máa gba ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó hù ní ilé ìwádìí, ẹni tí inú ara rẹ̀ ń jẹra kò sì ní ọjọ́ méjì tí yóò fi ṣòfò. Butyric tí ó jẹ́ àmì oúnjẹ ní Ogbete, àmì ewu ni nínú egbò.

Ní Nigeria, lórí gàrí ni irú ìwádìí yìí ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀. Ní ọdún 1959, Collard àti Levi kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé ìpele méjì ni pákí ń gbà kí ó tó kan: bakitéríà kan tí wọ́n pè ní Corynebacterium manihot a kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ni olú kan tí ń jẹ́ Geotrichum a fún un ní òórùn tí a mọ̀ mọ́ gàrí. Àlàyé tí ó mọ́ tónítóní ni, bóyá ó tilẹ̀ mọ́ jù. Nduka Okafor ti University of Nigeria ní Nsukka, ìlú tí kò jìnnà sí Enugu, tẹ ìwádìí tirẹ̀ lórí gàrí jáde ní ọdún 1977. Ní 1984, òun pẹ̀lú Ijioma àti Oyolu tẹ òmíràn jáde lórí rírẹ pákí fún fùfú gan-an. Ọ̀wọ́ kòkòrò ni wọ́n bá níbẹ̀, kì í ṣe méjì péré. Nígbà tí ó yá, Oyewole àti Odunfa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí láfún àti fùfú ilẹ̀ Yorùbá.

Ìwádìí tí ó tú ìdí ọ̀rọ̀ òórùn dáadáa wá láti Congo, níbi tí wọ́n ti ń rẹ pákí bí ti Enugu. Alain Brauman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1996. Wọ́n rí i pé ọ́síjìn inú omi náà ń yára tán, tí ìkòkò sì ń di ilé àwọn kòkòrò tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn wákàtí 48, àwọn tí ń ṣe ásíìdì lactic ju 99 lọ nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo kòkòrò tí ó wà níbẹ̀. Àwọn ni ó ni kíkan. Clostridium wà lára ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́ kù, síbẹ̀ òun ni ó ń ṣe butyric tí ó ń fún pákí rírẹ ní òórùn rẹ̀. Kékeré ni wọ́n níye, àwọn ni gbogbo àdúgbò sì ń gbúròó.

Èyí mú ọ̀rọ̀ dé ibi tí ó ti gbóná. Nínú pákí tútù, pàápàá pákí kíkorò, ni linamarin wà, èyí tí cyanide fara pamọ́ sínú rẹ̀. Pákí fúnra rẹ̀ ni ó tún ní èròjà tí ó lè tú linamarin, ṣùgbọ́n yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń gbé. Nígbà tí pákí bá rọ̀, ògiri àárín wọn a wó, wọn a pàdé, cyanide a tú jáde, a sì bá omi àti afẹ́fẹ́ lọ. Nínú ìwádìí Congo, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo oró náà ni ó kúrò. Ọjọ́ ni ó ń gbà.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí a bá gé ọjọ́ náà kúrú wà nínú ìtàn. Ní ọdún 1938 ni oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Trolli kọ̀wé nípa àrùn kan ní agbègbè Kwango ní Congo, tí àwọn Yaka ń pè ní konzo, ìyẹn ẹsẹ̀ tí a dè. Ọmọdé tàbí obìnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá a dédé rí i pé ẹsẹ̀ òun méjèèjì ti le, kì í sì í padà bọ̀ sípò mọ́. Ní ọdún 1981, ó lé ní 1,000 ènìyàn tí ó kọlù ní Nampula ní Mozambique. Ti Bandundu, ní Zaire ìgbà náà, ni ó yẹ kí ó ká ènìyàn lára jù lọ, nítorí pé kì í ṣe ogun ni ó dé ibẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ tí ó dára ni. Banea, Poulter àti Rosling kọ ọ́ ní ọdún 1992 pé nígbà tí àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra pákí lọ sí Kinshasa, àwọn obìnrin dín ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́ kù sí ọjọ́ kan. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun ti Ìbàdàn ti ṣe àyẹ̀wò àwọn ará agbègbè Ẹ̀pẹ́ ní àwọn ọdún 1960, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kú tipiri tí ojú wọn sì ń ṣú. Ó di ẹ̀bi rẹ̀ ru cyanide inú oúnjẹ pákí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùwádìí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti bá a jiyàn lórí èyí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá torí èyí sọ pé òórùn akpu ni ó ń lé oró ti ṣìnà. Clostridium ni ó ni òórùn. Rírọ̀ pákí àti èròjà inú rẹ̀ ni ó ni lílé oró. Inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ní ọjọ́ kan náà, ni obìnrin tí kò ní ẹ̀rọ fi ń lo ọ̀kan láti mọ bí èkejì ti ń lọ, tí kì í sì í sábà ṣì í. Títí àwọn onímọ̀ fi ya ásíìdì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé iṣẹ́ méjì ni.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó jẹ́ kí a lè mú ọ̀kan kí a sì fi èkejì sílẹ̀. Butyric ń bá ooru lọ, nítorí náà, bí a bá rẹ pákí pé ọjọ́, tí a fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́, tí a sì gbẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun, púpọ̀ nínú òórùn rẹ̀ a dínkù láìjẹ́ pé oró ṣẹ́ kù. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Oshodi ní Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1956, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí irú ìyẹ̀fun fùfú bẹ́ẹ̀. A ń tà á nínú ọ̀rá ní àwọn ìlú ńlá. Àwọn kan ń rà á nítorí aládùúgbò. Àwọn mìíràn ní akpu tí kò bá rùn, kì í ṣe akpu.